Bí Ẹ Ṣe Lè Jiyàn Lórí Miko Láì Di Miko Fúnra Yín

Ẹni tí kò bá tíì ka The Order of the Stick dé ibi ogun Azure City, kó dúró níbí ná, torí mo máa tú àṣírí ìtàn náà. Ẹ̀yin yòókù, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹnì kan bá dárúkọ Miko Miyazaki láàárín àwọn tó ń ka kọ́míìkì yẹn. Ọ̀kan á ní òun ò rí obìnrin tó ń bíni nínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Èkejì á ní wọ́n kàn fìyà jẹ ẹ́ ni. Ẹ̀kẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin géèmù Dungeons & Dragons tí ayé kọ́míìkì náà ń tẹ̀ lé sí gbogbo ilé létí. Kó tó pẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ bí Miko ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀: èmi ni mo mọ òótọ́, ìwọ lo ṣìnà, kò sì sí àlàyé tí mo tún fẹ́ gbọ́.

Nínú ẹgbẹ́ kékeré tí a jọ ń kà á, èmi ni wọ́n máa ń ní kó là wọ́n. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ o, ohùn mi ló kàn ròkè jù. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí, torí ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń jíròrò lórí Miko ti mọ bí wọ́n ṣe ń jíròrò lórí gbogbo èmi-ni-mo-tọ́ tó wà nínú ìtàn yòówù.

Ìrántí díẹ̀ fún ẹni tó ti gbàgbé. Rich Burlew ló ń kọ kọ́míìkì yìí tó sì ń yà á, ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2003. Orí róbótó, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bí igi tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ṣe rí. Miko jẹ́ paladin, ìyẹn jagunjagun tó bá àwọn ọlọ́run mulẹ̀, tí wọ́n sì torí ìwà rere fún lágbára. Tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi, agbára náà lọ nìyẹn. Shojo, olórí ìlú Azure City, ló rán an pé kó lọ mú Roy, akọni inú ìtàn náà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá jẹ́jọ́. Ó mú wọn wá. Nígbà tó yá ó pa Shojo, àwọn ọlọ́run gba agbára wọn, ó wẹ̀wọ̀n, ó bọ́ jáde, ó fọ́ ohun tí àwọn paladin ìlú náà ń fi ẹ̀mí ara wọn ṣọ́, ó sì kú. Ọdún 2007 ló kú. Àwọn òǹkàwé ò tíì sin ín.

Ẹ bi kálukú bó ṣe kà á

Kẹ́ ẹ tó sọ ohunkóhun nípa ìwà rẹ̀, ẹ bi olúkúlùkù léèrè: ṣé bó ṣe ń jáde lo ń kà á, àbí ìgbà tó ti pọ̀ nílẹ̀ lo wá kà á pọ̀? Ó dà bí ìbéèrè tí kò nítumọ̀, àmọ́ mo ti rí i tó parí ìjà lójú ẹsẹ̀.

Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń kà á nígbà yẹn, ó rí Miko tó gbé idà sókè, ó pa kọ̀ǹpútà, ó lọ síbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà ń jà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti dájọ́ kí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e tó dé. Ìdájọ́ tí èèyàn bá gbé sùn tó sì gbé jí, kì í rọrùn láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi wà lára àwọn yẹn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń le. Àbúrò mi ọkùnrin ní tirẹ̀ kà á nígbà tí wọ́n gba ìsinmi níléèwé, ó ń fò láti ojú ìwé dé ojú ìwé bí ẹni tó ń sá fún òjò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi kọjá lórí ikú Shojo. Lójú rẹ̀, Miko ò ju aláwàdà kan tí kò mọ̀ pé òun ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín lọ. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà la ń sọ. Èmi ń sọ ti obìnrin tí mo bá gbé pẹ́, òun ń sọ ti ẹni tó pàdé lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí kálukú sọ tirẹ̀ síta. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá.

Bébà tó nílà láàárín

Ẹ wá bébà kan, kẹ́ ẹ fa ìlà sí i láàárín. Lápá òsì, ẹ kọ ohun tí Miko fojú ara rẹ̀ rí tàbí tó fetí ara rẹ̀ gbọ́. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tó jẹ́ pé àwa òǹkàwé nìkan la mọ̀ ọ́n. Tí ẹ kò bá ráyè ṣe ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ ṣáà ṣe èyí.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ tó pa Shojo ṣe é. Apá òsì máa ń kún ju bí àwọn tó kórìíra rẹ̀ ṣe rò lọ. Ó ti pẹ́ tí Shojo ti ń ṣe bí arúgbó tí orí rẹ̀ ti dàrú, tó ń bá ológbò rẹ̀, Mr. Scruffy, gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ìlú. Miko, tó ń fi gbogbo ara sìn ín, wá dúró, ó gbọ́ tí ọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀ geere bí ẹni tí orí rẹ̀ pé pérépéré. Ó gbọ́ pé àbòsí ni ẹjọ́ tí wọ́n ní kí àwọn tó mú wá jẹ́. Ó gbọ́ pé Shojo ti ń gba ẹ̀yìn àwọn paladin rẹ̀ bẹ Roy níṣẹ́. Belkar, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Roy, náà wà níbẹ̀, Belkar tí Miko mọ̀ dájú pé ó pa ẹ̀ṣọ́ kan. Ẹ wá fi ti Xykon, olórí ọ̀tá inú ìtàn náà, lé e. Àwọn Roy ti sọ pé àwọn ti pa Xykon run, bẹ́ẹ̀ Miko ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Xykon ni, ó fojú ara rẹ̀ rí i tó ń kó ogun bọ̀. Tó bá jẹ́ èmi, èmi náà á fura.

Ẹ yí sí apá ọ̀tún. Àwa mọ̀ pé oṣó tó ti kú tó ṣì ń rìn ni Xykon. Ó ní ohun kan tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ pamọ́ sí, bí ìyẹn ò bá sì tíì fọ́, kò sí bí wọ́n ṣe lè run ara rẹ̀ tó, á tún padà hù. Roy ò parọ́ rárá. Ó pa á run lóòótọ́, ara ọ̀hún ló padà wá. A tún mọ̀ pé bàbá Roy gan-an ló ti búra lórí Xykon, ìbúra náà ló sì gbé Roy jáde nílé. Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ la ti ń bá àwọn èèyàn yìí rìn. Miko ò bá wọn rìn bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi wo bébà náà, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ kàn ń gbè sẹ́yìn rẹ̀ ni."

Mo ní kó fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Shojo àti Roy ń ṣiṣẹ́ fún Xykon. Ó wá a lápá òsì, kò rí i. Ó wá a lápá ọ̀tún, kò sí níbẹ̀ náà. Inú Miko fúnra rẹ̀ ló ti wá. Ó rí irọ́ kan tó jẹ́ òótọ́, ó wá fi ara rẹ̀ kọ́ afárá láti ibẹ̀ lọ síbi tó ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Ibi àlàfo yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ jókòó lé lórí, kẹ́ ẹ fi gbogbo àsìkò yín jiyàn níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìwà rẹ̀ wà. Ìfura kì í ṣe ìwà. Ohun tó fi dí àlàfo náà ni ìwà. Ó fi ara rẹ̀ ṣe olùpẹ̀jọ́, ó fi ara rẹ̀ ṣe adájọ́, òun náà ló tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹni tó dájọ́ fún. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo sì máa ń fi òwe yẹn lé òǹkàwé náà lọ́wọ́, pàápàá èyí tó bá sọ pé òmùgọ̀ ni Miko. Tí apá ọ̀tún bá lọ mọ́ ìwọ òǹkàwé lọ́wọ́, ṣé ìwọ á gbọ́n jù ú lọ?

Ẹ wo ohun tó ṣe nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kò tọ́

Àwọn kan máa ń fẹ́ fi ohùn dá a lẹ́jọ́, pé ó ń ṣe fọ́ńté, pé ó ń wo èèyàn láti òkè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́. Àìmọ̀ọ́sọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wá àwọn ibi tí ẹlòmíì ti dá a dúró, kẹ́ ẹ wo bó ṣe dáhùn.

Roy ló kọ́kọ́ gbìyànjú, lójú ọ̀nà Azure City. Ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí obìnrin yìí ni o. Nígbà tí ó sú u, ó la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún un láìfi bọ́tà sí i. Kò wọ̀ ọ́ létí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Hinjo. Shojo ti kú sílẹ̀, àwọn ọlọ́run ti fi ìmọ́lẹ̀ wọn bọ́ agbára lára Miko lójú gbogbo èèyàn. Kò tún sí ẹ̀rí tó le ju ìyẹn lọ pé ó ti ṣìnà: àwọn tó ní òun ń ṣiṣẹ́ fún ló fẹnu ara wọn sọ ọ́. Hinjo, mọ̀lẹ́bí Shojo tó máa jogún àga rẹ̀, paladin bíi tirẹ̀, dúró síwájú òkú èèyàn rẹ̀. Dípò kó yọ idà, ó ní kó gbé ohun ìjà rẹ̀ sílẹ̀, pé òun á ràn án lọ́wọ́ kó lè ṣe ètùtù, kó padà bọ̀ sípò. Ẹ padà lọ wo ojú ìwé yẹn, kẹ́ ẹ má kánjú. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń na ọwọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń wá ẹlòmíì tí yóò di ẹ̀bi náà lé lórí. Ó fẹ̀sùn kan Hinjo náà pé ó wà nínú rìkíṣí, ó sì kọjú ìjà sí i. Roy ló wá bá a jà tó sì ṣẹ́gun rẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé níbo ni Miko ti sọnù, mi ò ní tọ́ka sí ikú Shojo. Ibí yìí ni màá tọ́ka sí. Èèyàn lè fi ìbínú ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe, síbẹ̀ kó ku ọ̀nà fún un. Ọ̀nà yẹn ni Hinjo ṣí, tí òun wá tì pa.

Ẹ̀kẹta ni òpin rẹ̀. Ogun ti wọ ààfin. Soon, ẹni tó dá ẹgbẹ́ àwọn paladin náà sílẹ̀, ti kú tipẹ́, àmọ́ ẹ̀mí rẹ̀ àti tàwọn paladin tó ti kú jáde wá gbèjà yàrá ìtẹ́, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú Xykon àti Redcloak, àlùfáà tó ń bá a ṣiṣẹ́, palẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn sápá ọ̀tún. Miko já wọlé, ó rí àwọn ọ̀tá nídìí ìtẹ́, ó gbà pé ìdí tí àwọn ọlọ́run fi dá òun sí nìyí, ó sì fi idà fọ́ òkúta safáyà tó wà níbẹ̀, ìyẹn ẹnubodè idán tí ẹgbẹ́ wọn ń ṣọ́, kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ Xykon. Gbogbo ààfin bú gbàmù.

Ó wà nílẹ̀, ara rẹ̀ ti gé sí méjì, Soon dúró tì í. Ó béèrè bóyá òun ti rí ìdáríjì, bóyá agbára òun máa padà. Soon ò bú u, kò sì tàn án: ó ní rárá, irú oore bẹ́ẹ̀ kì í kan gbogbo èèyàn. Ó wá béèrè bóyá òun á tún rí Windstriker, ẹṣin rẹ̀. Soon ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹṣin náà á máa wá wò ó nígbàkigbà tó bá lè ṣeé ṣe. Ó gba ìyẹn, ó sì kú.

Ibí yìí ni ẹgbẹ́ wa máa ń pín sí. Àwọn kan ní níkẹyìn ó ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, torí ó gba "rárá" láìjiyàn, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Àwọn kan ní kò rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan, torí kò béèrè Shojo, kò béèrè ìlú tó wó, ẹṣin rẹ̀ ló béèrè. Mo wà pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Síbẹ̀ n kì í jẹ́ kí wọ́n fi ìbò parí rẹ̀. Mo máa ń ní kí ẹni tó wà lápá kan sọ àlàyé apá kejì títí àwọn yẹn á fi sọ pé "ohun tí à ń sọ gan-an nìyẹn." Tí kò bá lè sọ ọ́, kó má tíì fèsì. Ó máa ń gbà wá lásìkò, àwọn kan sì máa ń bínú, àmọ́ mi ò tíì rí ohun tó dín ariwo kù tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké

Ẹni tó bá sọ pé Miko ṣe báyìí, kó ṣí ojú ìwé náà. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n máa ń búra pé ó ṣe, kò ṣe é; wọ́n kàn rántí bó ṣe ń múnú bí wọn ni.

Ẹ má pè é ní alágàbàgebè. Alágàbàgebè ń sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ní ṣe. Miko ń ṣe gbogbo ohun tó ń sọ, ó sì ń ṣe é títí dójú ikú. Kì í gba rìbá, kì í sá fún ogun, ó sì fẹ́ràn ẹṣin rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ràn èèyàn kankan lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dára, kẹ́ ẹ tó dé ibi tó ti bàjẹ́. Ẹni tó bá fò ó, àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ò ní gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Lawful Good, ìyẹn orúkọ tí òfin géèmù fún irú ìwà tí paladin gbọ́dọ̀ ní, ẹ gbé e sẹ́yìn. Tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀, ìwé òfin géèmù lẹ máa kà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Olúkúlùkù ló ní Miko kan nílé tàbí níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ká bá a kẹ́dùn, ká padà sórí ọ̀rọ̀.

Tí ẹnì kan bá sì ní gbogbo rẹ̀ fi hàn pé Burlew kórìíra àwọn tó ń fi gbogbo ọkàn sin ọlọ́run, ẹ má bá a jà, ẹ ṣáà dárúkọ O-Chul. Ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti Miko, ẹ̀jẹ́ kan náà ni wọ́n jẹ́. Nígbà tí ìlú ṣubú, Redcloak mú un lẹ́rú, ó ń dá a lóró kó lè tú àṣírí àwọn ẹnubodè idán yòókù. Kò ní àṣírí kankan lọ́wọ́, Redcloak ò sì gbà á gbọ́. Nínú gbogbo ìyà yẹn, O-Chul ráyè bá abàmì ẹ̀dá tí wọ́n ń fi pa mọ́ sínú òkùnkùn ṣọ̀rẹ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọlúwàbí sọ̀rọ̀, títí ẹ̀dá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá òun lè jẹ́ ẹni rere. Miko ò jẹ́ bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, idà ni ì bá yọ sí i. Tí ẹ bá gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ síra wọn, ẹ ti rí i pé kì í ṣe ẹ̀jẹ́ ló bà á jẹ́.

Lẹ́yìn Miko, ẹ dán Redcloak wò

Ẹjọ́ Miko rọrùn nítorí ó ti kú, kò lè yí padà mọ́. Èmi-ni-mo-tọ́ tó ṣì wà láàyè nínú ìtàn tí kò tíì parí le jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni mo sì máa ń gbé fún ẹni tó bá rò pé òun ti mọ iṣẹ́ yìí.

Redcloak jẹ́ goblin, ẹ̀yà abàmì kan nínú ìtàn náà, òun sì ni olórí àlùfáà fún ọlọ́run àwọn goblin. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ni pé àwọn ọlọ́run yòókù dá goblin sílé ayé kí àwọn àlùfáà ẹ̀yà mìíràn lè máa pa wọ́n fi kọ́ iṣẹ́. Ó fojú ara rẹ̀ rí àwọn paladin tí wọ́n ń pa àwọn èèyàn rẹ̀. Apá òsì bébà tirẹ̀ wúwo gan-an, ó sì kún fún ẹ̀jẹ̀. Nínú ìwé ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó pa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nítorí àbúrò náà fẹ́ pa Xykon. Láti ìgbà yẹn, tó bá gbà pé òun ṣìnà, á jẹ́ pé lásán ló pa ọmọ ìyá rẹ̀.

Lápá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tí ọlọ́run tó ń jẹ́ Thor sọ fún Durkon, àlùfáà rẹ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ Roy, torí bí Thor ṣe ròyìn ìbẹ̀rẹ̀ àwọn goblin yàtọ̀ sí ohun tí Redcloak gbà gbọ́. Durkon gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá a fúnra rẹ̀, láti bá a ṣe àdéhùn. Redcloak kọ̀, ọ̀rọ̀ sì di ìjà. Nígbà tí Durkon sọ ọ́ fún un, ohun tó wà lọ́tùn-ún kúrò lọ́tùn-ún, ó di ohun tí Redcloak fetí ara rẹ̀ gbọ́, kẹ́ ẹ sì tún un kọ sápá òsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé láti gbé e bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì máa gbèjà rẹ̀ pé kò mọ̀.

Ẹ kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbé láti apá kan sí èkejì, kẹ́ ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́, torí ojú ìwé tuntun ṣì ń bọ̀.